Ètò Linux àti Owó Wa Tí Ó Wà Ní Báńkì

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ rí yóò mọ àwọn obìnrin Fìdítì, tí wọ́n máa ń to ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà fún àwọn èrò ọkọ̀. Ní ìgbà àwọn ìyá ńlá wọn, owó tí wọ́n bá pa kì í jìnnà sí ara wọn. Etí ìró ni wọ́n ń so ó mọ́. Bí ó bá sì pọ̀ díẹ̀, wọn a sọ ọ́ sínú kóló, tàbí kí wọ́n fi lé alájọ lọ́wọ́. Ẹni tí yóò bá jí i ní láti wọ ilé wọn. Lónìí, nǹkan ti yàtọ̀. Oníbàárà tí ó ti Èkó wá ra ọsàn ẹ̀kún ọkọ̀ kan kò ní í ka owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́. Yóò tẹ fóònù rẹ̀, fóònù ìyá ọlọ́sàn yóò dún, owó ti wọlé nìyẹn. Àwọn tí kò tilẹ̀ fẹ́ irú òwò bẹ́ẹ̀ rárá ni ọ̀wọ́n owó ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 fi tipátipá kọ́, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pààrọ̀ owó náírà, tí owó bébà sì di ohun àwátì.

Bí owó ti ṣí kúrò nínú kóló, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni olè náà ṣí tẹ̀lé e. Olè òde òní kò nílò láti dé Fìdítì kí ó tó kó owó ará Fìdítì lọ. Nítorí náà ni kò ṣe yà mí lẹ́nu pé àwọn ọ̀dọ́ wa tí ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń wá àtúnṣe sí ọ̀ràn náà. Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí ó wọ́pọ̀ ní ẹnu wọn: wọ́n ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọkàn balẹ̀ kó Windows dànù kúrò nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, kí ó fi Linux sí i, pé olè kò tún ní í rí owó rẹ̀ mú mọ́. Èrò tèmi ni pé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, òótọ́ náà kò sì kéré, ṣùgbọ́n wọ́n ti bù mọ́ ọn. Ibi tí wọ́n ti bù mọ́ ọn gan-an ni ewu wà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí Linux jẹ́, nítorí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Kọ̀ǹpútà kò lè dá ohunkóhun ṣe bí kò bá ní ètò kan tí ó jẹ́ olórí àwọn ètò yòókù. Ètò olórí yìí ni ó ń pín iṣẹ́, òun ni ó sì ń sọ ẹni tí ó lè wọlé àti ẹni tí kò gbọdọ̀ wọlé, gẹ́gẹ́ bí baálé ti ń ṣe ní agbo ilé. Windows, tí ilé iṣẹ́ Microsoft ń tà, ni èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ lórí àwọn kọ̀ǹpútà wa. Linux jẹ́ irú rẹ̀ mìíràn. Ní ọdún 1991 ni Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní yunifásítì ìlú Helsinki ní ilẹ̀ Finland, kéde rẹ̀ fún aráyé, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 21. Kò tà á. Ó gbé e síta gbangba kí ẹnikẹ́ni lè mú un lò, kí ó lè ka bí a ti ṣe kọ ọ́, kí ó sì lè tún un ṣe. Ṣáájú rẹ̀, ní ọdún 1983, Richard Stallman ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti kéde iṣẹ́ tirẹ̀ tí ó pè ní GNU, tí ó dá lórí irú èrò kan náà. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì ni ó sì para pọ̀ di ohun tí à ń lò lónìí. Oríṣiríṣi ẹ̀yà ni Linux pín sí. Ọ̀kan tí ó lókìkí ni Ubuntu, tí Mark Shuttleworth, ọmọ ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, dá sílẹ̀ ní ọdún 2004. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Gúúsù Áfíríkà ni orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì súnmọ́ ohun tí àwa ń pè ní ìwà ọmọlúàbí. Ẹni tí ó bá sì rò pé àjèjì pátápátá ni Linux jẹ́ ní Afijio, kí ó wo fóònù tí ó wà ní ọwọ́ rẹ̀: bí ó bá jẹ́ Android, ọkàn Linux ni ó wà nínú rẹ̀.

Ohun tí ó mú mi fara mọ́ Linux jù lọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ̀ jinlẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ owó ni. Windows kì í ṣe ọ̀fẹ́, owó rẹ̀ sì ga lójú akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan tí ó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni agbára rẹ̀ ká. Nítorí náà, ẹni tí ó bá a tún kọ̀ǹpútà náà ṣe yóò bá a fi ẹ̀dà tí a jí sí i. Ẹ̀dà tí a jí kò lè ṣiṣẹ́ bó ti yẹ bí a kò bá já àgádágodo tí àwọn tí ó ni ín fi sí i, ètò kékeré kan tí a rí he ní íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì fi ń já a. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kíyè sí èyí: ọ̀pọ̀ nínú irú ètò ajágádágodo bẹ́ẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pàṣẹ pé kí a pa ẹ̀ṣọ́ tí ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà, kí ó má bàa dí òun lọ́wọ́. Ta ni ó kọ ètò náà? Kò forúkọ sílẹ̀. Kí ni ó tún gbé wọlé sí abẹ́ aṣọ? Kò sọ ọ́. Bí àjèjì kan bá wá sí ilé wa ní òru, tí ó ní òun yóò bá wa ṣí ìlẹ̀kùn yàrá kan lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ so ajá wa mọ́lẹ̀, kí a sì ní kí ọdẹ máa lọ sí ilé rẹ̀, ǹjẹ́ a óò gbà fún un? Síbẹ̀, orí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ti ń tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n fi ń wọ ìwé owó wọn ní báńkì. Ẹni tí ó bá lo Linux kò ní ohun tí yóò mú un jalè, nítorí ohun tí a fi fúnni ní ọ̀fẹ́ kò ní àgádágodo tí a óò já.

Àwọn baba wa a máa wí pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Kò sí ètò kọ̀ǹpútà tí ògiri rẹ̀ kì í lanu. Èyí tí ó ṣe pàtàkì ni pé kí ẹni tí ó mọ ògiri náà wà níbẹ̀ láti máa rẹ́ ẹ. Ní ọjọ́ 14 oṣù October ọdún 2025 ni Microsoft ṣíwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí ó ń ṣe sí Windows 10, àfi fún àwọn tí ó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò. Windows 11 tí ó rọ́pò rẹ̀ kò sì gba kọ̀ǹpútà tí ó ti pẹ́. Ó ń béèrè ẹ̀yà ara kan tí à ń pè ní TPM 2.0, àti ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí kò tíì dàgbà jù. Púpọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ tí à ń rà ní Ìbàdàn ni kò ní nǹkan wọ̀nyí. Kọ̀ǹpútà náà kò bàjẹ́, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ògiri rẹ̀ bá lanu lónìí, ó di pé kí ó máa lanu bẹ́ẹ̀ lọ. Irú kọ̀ǹpútà yìí gan-an ni Linux dára fún. Ẹ̀dà Ubuntu tí wọ́n ṣe fún ìlò ọlọ́jọ́ pípẹ́ a máa gba àtúnṣe fún ọdún 5 láìgba kọ́bọ̀. Mo mọ̀ pé dátà tí a óò fi gba àtúnṣe náà kì í ṣe ọ̀fẹ́, mo sì mọ̀ bí owó dátà ti rí. Síbẹ̀, ó kéré sí iye tí olè yóò kó.

Ọ̀nà tí ètò tuntun ń gbà wọ inú Linux náà dára. Ilé ìṣúra kan wà tí àwọn alábòójútó ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ń tọ́jú, tí wọ́n sì ń fi àmì tiwọn dí ohun tí ó bá ti inú rẹ̀ jáde; ibẹ̀ ni à ń lọ nígbà tí a bá fẹ́ ètò kan. Ó yàtọ̀ gan-an sí kí a máa ṣa ètò ní orí íntánẹ́ẹ̀tì níbikíbi tí a bá ti rí i, gẹ́gẹ́ bí oògùn tí a rà ní ilé ìwòsàn ti yàtọ̀ sí èyí tí a rà lọ́wọ́ ẹni tí ń pariwo nínú ọkọ̀ èrò.

Kì í ṣe àná ni àwọn ènìyàn ti mọ èyí. Láti ọdún 2007 ni àwọn olè ti ń lo ètò kan tí à ń pè ní Zeus, tí ó máa ń lúgọ sínú Windows, tí ó sì ń ṣọ́ ìgbà tí ẹni tí ó ni kọ̀ǹpútà bá fẹ́ wọ báńkì. Ó kó owó àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké púpọ̀ lọ ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2009, Brian Krebs, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Washington Post, gba irú àwọn ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi Linux sínú àwo CD, kí wọ́n máa ti inú àwo náà jí kọ̀ǹpútà nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ báńkì, kí wọ́n sì yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn náà. Ohun tí ó bá lúgọ sínú Windows yóò máa sùn ní gbogbo àkókò náà. Ìmọ̀ràn yẹn ṣì dára títí di òní, àfi pé fúláàṣì ni à ń lò dípò àwo.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ìhà kejì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń yin Linux ni yóò sọ fún yín pé kò ní fáírọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nínú 100 kọ̀ǹpútà orí tábìlì ní ayé, èyí tí ó ń lo Linux kò tó 10. Olè tí ó fẹ́ dẹ pàkúté yóò dẹ ẹ́ sí ojú ọ̀nà tí ẹran ń gbà jù lọ. Ẹni tí ó ń gbé abúlé tí olè kò tíì mọ ọ̀nà rẹ̀ kò gbọdọ̀ rò pé ìlẹ̀kùn òun ni ó le.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ó gbójú lé Linux gbọ́. Ètò kékeré kan wà tí à ń pè ní xz. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fún fáìlì pọ̀ kí ó lè kéré. Kò sí ẹni tí ó kà á sí, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí Linux kan tí kò sí nínú rẹ̀. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni ó ń tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, láìgba owó, ó sì ti ń rẹ̀ ẹ́. Ní ọdún 2021 ni ẹnì kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan yọjú, tí ó ní òun fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Ó ṣe iṣẹ́ gidi. Ó níwà pẹ̀lẹ́. Àwọn mìíràn tí a kò mọ̀ rí sì ń kọ̀wé sí ọkùnrin náà pé iṣẹ́ rẹ̀ ti ń falẹ̀, kí ó fi àṣẹ fún ẹlòmíràn. Díẹ̀díẹ̀ ni àṣẹ bọ́ sí Jia Tan lọ́wọ́. Nígbà tí ó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ó fi ìlẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ kan sínú ètò náà, tí òun nìkan ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Bí kì í bá ṣe ti Andres Freund, àìmọye kọ̀ǹpútà ni ìlẹ̀kùn náà ì bá ti ṣí sílẹ̀ lórí rẹ̀. Freund kàn ń dán nǹkan mìíràn wò ni, ó sì rí i pé wíwọlé sínú kọ̀ǹpútà òun fi nǹkan bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹlòmíràn ì bá má kà á sí. Òun tọ ipasẹ̀ rẹ̀ títí ó fi dé ibi tí ìlẹ̀kùn náà wà, ó sì ké gbàjarè ní ọjọ́ 29 oṣù March ọdún 2024. Àwọn ẹ̀dà tí wọ́n ṣì ń dán wò ni nǹkan náà tíì dé. Kò tíì dé inú àwọn ẹ̀dà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò ní ilé. (Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo gbọ́ pé òṣìṣẹ́ Microsoft ni Freund.)

Àwọn olólùfẹ́ Linux ní ìtàn yìí fi hàn pé ètò wọn dára, nítorí pé gbangba ni a kọ ọ́ sí, ẹni tí ó fura sì lè yẹ̀ ẹ́ wò. Òtítọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ ohun tí a tì mọ́ inú yàrá ni, Freund kì bá tí rí ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, orí ni ó kó wọn yọ ju ètò lọ. Bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani; ikú ilé ni Jia Tan, ó sì ti jókòó sí ìdí àwo oúnjẹ kí a tó mọ̀ ọ́n.

Ilé ìṣúra tí mo yìn lẹ́ẹ̀kan náà ní àbùkù tirẹ̀. Ní oṣù February ọdún 2024, ẹnì kan gba ètò kan láti Snap Store, ọjà ètò tí àwọn oní-Ubuntu ń bójú tó. Orúkọ Exodus, tí àwọn ènìyàn fi ń tọ́jú owó bitcoin, ni ó wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ayédèrú ni. Ètò náà ní kí ó tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Bitcoin 9 ni ó bá a lọ, èyí tí iye rẹ̀ nígbà náà ju 400,000 dọ́là lọ. Linux kò já, ògiri kò lanu. Ẹni tí ó ni ilé ni ó fi kọ́kọ́rọ́ lé olè lọ́wọ́.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wa ń lọ. Bí a bá fetí sí àwọn tí wọ́n ti kó owó wọn lọ ní àdúgbò wa, a óò rí i pé ẹ̀tàn ni ó pọ̀ jù. Fóònù a dún. Ohùn tí ó mọ́ gaara a ní òun ń pè láti báńkì, pé wọ́n fẹ́ ti ìwé owó ìyá pa nítorí BVN rẹ̀ kò pé. Láti ọdún 2014 tí Báńkì Àpapọ̀ ti gbé nọ́ńbà BVN kalẹ̀ ni àwọn ọ̀daràn ti sọ ọ́ di ìjẹ. Wọn a béèrè nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn káàdì. Wọn a ní kí ìyá ka nọ́ńbà tí báńkì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀ fún àwọn. Nọ́ńbà yìí ni àgádágodo ìkẹyìn. Bí ó bá ti kà á tán, ó parí. Kí ni Linux fẹ́ ṣe sí èyí? Bákan náà ni ojúlé ayédèrú tí wọ́n kùn bí ojúlé báńkì: kíákíá tí Windows yóò fi gbé wa débẹ̀ ni Linux náà yóò fi gbé wa débẹ̀.

Kí wá ni kí a ṣe? Ẹ jẹ́ kí a mú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní Ìlọrà bí àpẹẹrẹ. Ìlọrà kì í ṣe àlejò nínú irú iṣẹ́ yìí; ó wà lára àwọn ibi tí Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà tẹ àgọ́ àgbẹ̀ dó sí ní nǹkan bí ọdún 1960, ní ọdún 1953 sì ni wọ́n dá Báńkì Àfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Bí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ní 50 ọmọ ẹgbẹ́, owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ àti owó oko ènìyàn 50 ni ó wà ní ọwọ́ akọ̀wé kan, lórí kọ̀ǹpútà kan. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí wọ́n fi Linux sí kọ̀ǹpútà náà. Nígbà tí wọ́n bá ń fi í sí i, yóò béèrè bóyá wọ́n fẹ́ kí ó yí gbogbo ohun tí ó wà nínú àpò ìkó-nǹkan-pamọ́ rẹ̀ sí àṣírí. Kí wọ́n dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí bí olè bá gbé kọ̀ǹpútà náà lọ, irin lásán ni yóò gbé. Kí wọ́n má sì ṣe gba fíìmù tàbí eré sínú rẹ̀. Bí ọmọ akọ̀wé bá fẹ́ ta géèmù, kí ó wá kọ̀ǹpútà mìíràn. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé nínú ètò fèrèsé àtijọ́ tí Linux ń lò, tí à ń pè ní X, ètò kan lè máa ka ohun tí a ń tẹ̀ sínú òmíràn. Wayland tí ó ń rọ́pò rẹ̀ kò gba irú rẹ̀ láàyè.

Àwọn kan yóò ní kò sí ẹni tí ó mọ Linux tún ṣe ní Ìlọrà. Èyí nira lóòótọ́, n kò sì ní pa irọ́ pé kò nira; bí nǹkan bá bàjẹ́, ó lè di Ìbàdàn. Àwọn mìíràn yóò ní báńkì àwọn kò ní ju ètò orí fóònù lọ. Nígbà náà, kí wọ́n wá báńkì mìíràn tí ó ní ojúlé ní íntánẹ́ẹ̀tì, pàápàá èyí tí yóò gbà pé kí ẹnì kan kọ ìwé ìsanwó, kí ẹnì kejì sì fọwọ́ sí i kí owó tó jáde. Bí a bá ní kí n yan ọ̀kan nínú Linux àti ìfọwọ́sí ẹni méjì, ìfọwọ́sí ẹni méjì ni n óò mú, nítorí ó ṣòro kí a tan akọ̀wé àti akápò ní àárọ̀ ọjọ́ kan náà.

Ti ìyá ọlọ́sàn yàtọ̀, nítorí òun kò ní kọ̀ǹpútà. Fóònù ni gbogbo báńkì rẹ̀. Olè tí ó bá jí i lè yọ síìmù rẹ̀, kí ó fi sínú fóònù mìíràn, kí nọ́ńbà tí báńkì ń fi ránṣẹ́ sì máa wọlé sí i lọ́wọ́. Nítorí náà, kí ó fi nọ́ńbà àṣírí sí orí síìmù náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe sí orí fóònù nìkan. Ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ lè bá a ṣe é láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí fóònù bá sì sọnù, wákàtí yẹn gan-an ni kí ó pe báńkì kí wọ́n ti ìwé owó rẹ̀ pa. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà tí yóò pè náà sórí ìwé, kí wọ́n fi pamọ́ sí ilé, nítorí fóònù tí ó kọ ọ́ sí ni olè ti gbé lọ.